Máàkì Tí Mojọlá Fi Pamọ́

Ìwó,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, 1984.

Mojọlá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti orí àga mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí mo ti ń retí lẹ́tà rẹ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ara wa le. Ìyá rẹ ní kí n béèrè bóyá o ti ń sanra díẹ̀, nítorí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ nígbà Àjíǹde, ó ní ọrùn nìkan lòun rí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò nìyí. Lọ́dún tó kọjá, o kọ̀wé pé o ti fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ dókítà eyín níbẹ̀ ní Houston. O ní wàá parí degree rẹ ní oṣù Karùn-ún, wàá sì bọ́ síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Oṣù Kẹjọ ti lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo lo kọ láàárín, ọ̀rọ̀ ooru Houston ló sì kún inú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo mọ ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ ooru nígbà tí tíṣà bá béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá.

Èmi ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá yanu sí mi lójú nínú pálọ̀ mi. Alhaja Sìkírátù tó ń ta aṣọ ní iwájú wa fẹ́ mọ̀ bóyá eyín àtọwọ́dá ti Amẹ́ríkà lè fọ́ egungun. Bíyìí télọ̀ ní eyín òun kan wà tí kì í dun òun àfi tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ó ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá yọ ọ́, òun ò ní mọ ìgbà tó yẹ kí òun sá aṣọ wọlé.

Kọ èsì gbogbo rẹ̀ ní kíkún, má sì dárúkọ ooru.

Bàbá rẹ tó ń dúró,
F. Àrẹ̀mú Ọlọ́runyọmí.


Gulfton, Houston,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Ọ̀kítóbà, 1984.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òjò. Ẹ bá mi kí Màámi, kí ẹ sọ fún wọn pé mo ti sanra, aṣọ inú fọ́tò yẹn ló tóbi.

Bàbá, wọn ò gbà mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ gbólóhùn yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fa bébà ya. Oṣù Kẹrin ni lẹ́tà wọn dé, ìlà mẹ́fà péré. Mo kà á nídìí àpótí lẹ́tà nísàlẹ̀ apartment wa, mo tún un kà nínú ilé, mo wá jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lẹ́yìn kíláàsì, bọ́ọ̀sì méjì ni mo sì ń wọ̀ dé ibẹ̀. Mo gba C nínú Organic Chemistry, mo gba C nínú Physics. Ẹ béèrè máàkì nígbà náà, mo ní, "Dáadáa ni." Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e dára, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń rò pọ̀, àwọn C yẹn sì fa ìyókù wálẹ̀.

Mo lọ bá obìnrin kan tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn ní yunifásítì wa, Miss Helen là ń pè é. Ó tẹjú mọ́ ìwé mi títí. Ó ní, "Honey, wọn ò sọ pé o ò ní ọpọlọ. Ìwé rẹ ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i." Ó ní kí n forúkọ sílẹ̀ fún graduate course, ìyẹn àwọn ẹ̀kọ́ tí ẹni tó ti gba degree máa ń ṣe: Anatomy, Biochemistry, Histology, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ gan-an ní ọdún kìn-ín-ní ní ilé-ẹ̀kọ́ eyín. Tí mo bá gba A níbẹ̀, wọ́n á rí i pé mo lè rù ú.

Mo bi í pé, "Tí mi ò bá gbà á ńkọ́?"

Ó ní, "A jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ."

Oṣù Kìn-ín-ní ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má ka lẹ́tà yìí sétí ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín,
Mojọlá.


Ìwó,
Ọjọ́ kejì, oṣù Dìsẹ́ńbà, 1984.

Mojọlá,

Ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kó wà ní ìlà àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá lo kọ ọ́ sí. Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Awò ojú mi kán ní ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà rẹ dé. Ọjọ́ Sátidé ni, èrò sì ti pé sí pálọ̀: Alhaja Sìkírátù, tíṣà méjì, ìyàwó pásítọ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé lẹ́tà dé láti Amẹ́ríkà, kálukú fẹ́ gbọ́ èsì eyín tirẹ̀. Mo wá gbé e fún Bíyìí kí ó kà á sókè, torí pé ó kàwé dé fọ́ọ̀mù márùn-ún, ohùn rẹ̀ sì já gaara.

Ó bá ọ kí wa dáadáa. Ó ka ọ̀rọ̀ aṣọ inú fọ́tò, ìyá rẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, wọn ò..." Ó wúkọ́. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó mu omi náà tán pátá, ó wá ní, "Bàbá, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn níbí, ńṣe ni wọ́n ń yọ̀ mọ́ mi ṣáá."

Mojọlá, ọkùnrin yẹn ka ojú ewé mẹ́ta tí kò sí níbì kankan! Ó ní wọ́n ti fún ọ ní kóòtù funfun. Ó ní o yọ eyín ọlọ́pàá kan tó ga tó òpó iná, ọlọ́pàá náà ò sì mọ ìgbà tí o yọ ọ́. Ó dá Alhaja lóhùn pé eyín Amẹ́ríkà lè fọ́ egungun, àmọ́ kí wọ́n máa rọra. Nígbà tó kan eyín tirẹ̀, ó ní Dókítà Mojọlá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyàwó pásítọ̀ gbàdúrà. Èmi ni àmín mi ròkè jù.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Bíyìí padà wá, ó tilẹ̀kùn, ó wá ka èyí tí o kọ gan-an fún èmi àti ìyá rẹ. Ó ń làágùn bí ẹni pé òun ló gba C.

Kì í ṣe pé wọn ò gbà ọ́ ló dùn mí. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé jù ọ́ lọ tó fìdí rẹmi. Ohun tó dùn mí ni pé mo béèrè, o ní "dáadáa ni", mo sì gbé "dáadáa ni" yẹn, mo ń fi yangàn káàkiri ìlú. Èmi tí mo ń ká irọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu fún ọdún mọ́kànlélógún, tèmi ni mi ò rí.

Ìyá rẹ ní kí o máa jẹun. Èmi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

Bàbá rẹ.


Houston,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Jánúárì, 1985.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún tuntun. Mo kúnlẹ̀ kí n tó mú bírò. Ọmọ́bọ́lá tí a jọ ń gbé bi mí pé ta ni mo ń kí. Mo ní Bàbá mi. Ó ní, "Wọn ò rí ẹ o." Mo ní mo mọ̀.

Ẹ má bínú. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ sọ òótọ́ fún yín, mo máa ń rántí bí ẹ ṣe ń pe orúkọ mi níwájú àwọn ènìyàn, bírò á sì wúwo lọ́wọ́ mi. Mi ò sọ ọ́ láti fi dá ara mi láre, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Bíyìí. Àmọ́ kí wọ́n gbé eyín yẹn lọ sí ilé ìwòsàn o. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé.

Mojọlá.


Houston,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Máàṣì, 1985.

Bàbá mi,

Mi ò tíì rí èsì yín. Mo ń kọ èyí náà, torí pé mo ti ṣèlérí fún ara mi pé bí máàkì bá ṣe ń dé ni màá ṣe máa kọ ọ́ sí yín.

Ìdánwò Anatomy àkọ́kọ́: ọ̀kanlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo ti kàwé o. Mo gbé ìwé náà dé ibi tí a ti ń fọ aṣọ, mo gbé e dé daycare, ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọmọ kan fi bírò àwọ̀ ewé kun orí egungun níbẹ̀. Bí mo bá ṣí ìwé, ohun gbogbo yé mi. Bí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó di òfo. Ìdánwò mẹ́ta ló kù. Bí wọ́n bá rí bí èyí, ọ̀rọ̀ dókítà eyín ti parí nìyẹn.

Ẹ kí Màámi. Mo ń jẹun.

Mojọlá.


Ìwó,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin, 1985.

Mojọlá, Àjọkẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ ti Jánúárì àti ti Máàṣì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé. Ibi tí ti àkọ́kọ́ sùn sí, àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo bínú fún bí oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá rẹ ní tí mi ò bá kọ̀wé, òun á gbé bírò fún Bíyìí. O mọ ohun tí ìyẹn á dá sílẹ̀.

Ọ̀kanlélọ́gọ́ta. Mo jókòó tì í. Ẹnikẹ́ni ò bi ọ́, o kọ ọ́. Mo ka ìlà yẹn fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó yá, gbọ́ iṣẹ́ mi. Ọmọ tí ìwé bá yé nígbà tó ṣí i, tí kò yé e mọ́ nígbà tó pa á dé, kíkà ló ń kà, kò tíì mọ̀ ọ́n. Pa ìwé dé. Ya egungun àgbọ̀n sórí bébà láì wo ibì kankan. Lẹ́yìn náà, wá ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa eyín, kí o kọ́ ọ. Ibi tó bá ti bi ọ́ ní ìbéèrè tí o ò lè dáhùn, ibẹ̀ ni máàkì rẹ sọnù sí.

Nǹkan kan ò sì yé èmi náà. O ti gba degree, o ti di gradiéètì, kí ló tún dé tí o ń ṣe graduate course? Ṣé wọ́n gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́wọ́ rẹ ni? Tíṣà kan ní ìpàdé wa ní másítà ju dókítà eyín lọ, torí pé ọ̀gá ni ìtumọ̀ másítà. Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Bàbá rẹ,
F. A. Ọlọ́runyọmí.


Houston,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Júùnù, 1985.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ tíṣà! Ẹ ò tíì fẹ̀yìn tì o.

Wọn ò gba ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ mi. Àfikún ni kọ́ọ̀sì yìí, kí àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ eyín lè rí mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ́bọ́lá ni mo kọ́. Ó máa ń dirun fún àwọn ènìyàn ní pálọ̀ wa ní Sátidé, ẹni tó bá sì ti jókòó síwájú rẹ̀ ò lè sá lọ fún wákàtí mẹ́rin. Mo ya àgbọ̀n sára páálí bàtà, mo gbé e kọ́ sára ògiri, mo bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà kan tó ń jẹ́ Sẹ̀kínát, tó wá láti àdúgbò Alief, gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé, Ọmọ́bọ́lá sì ní kó má mirí. Ó ní, "Sìsítà, ẹ padà sẹ́yìn. Iṣan tó ń gbé ìrora eyín lọ sí ọpọlọ yẹn, ihò wo ló gbà wọ inú egungun?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo sáré lọ wò ó. Bàbá, ìbéèrè yẹn gan-an ló wà ní ìdánwò ìkẹyìn!

Anatomy: A, torí pé wọ́n máa ń yọ máàkì ìdánwò tó kéré jù kúrò. Biochemistry: A. Mo máa ṣe Histology àti Physiology láti oṣù Kẹjọ.

Mo ti ń kọ ìwé ìbéèrè wọlé tuntun. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n kọ nípa ara mi ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ bá mi wò ó.

Mojọlá.


Ìwó,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1985.

Mojọlá ọmọ mi, ẹni tó gba A méjì,

Ìyá rẹ ti jó yíká àga mi. Mo ní kó jókòó kí n lè ráyè ṣiṣẹ́.

Mo ti fi bírò pupa wo ọ̀rọ̀ rẹ. "I want to be a dentist" lo fi bẹ̀rẹ̀. Ta ni ìwọ tí o ń sọ pé "I want" fún àwọn àgbàlagbà? Mo ti yí i sí "I have the honour most respectfully to submit myself." Mo fi gbólóhùn kan kún un pé ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé ni ọ́. Mo yọ ibi tí o ti ní o fẹ́ràn láti fi ọwọ́ ṣe nǹkan kéékèèké, ó dà bí ọ̀rọ̀ olè.

Ó ku ibì kan. O kọ ọ́ gbangba pé o gba C méjì, o sì kọ ìdí rẹ̀. Mo fa ìlà pupa sí i. Mo dìde, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo padà wá, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: fi í sílẹ̀.

Bàbá rẹ,
F. A. Ọlọ́runyọmí.


Ìwó,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Fẹ́búárì, 1986.

Mojọlá,

Ooru wo ló ń mú ní Houston báyìí? Mo béèrè ni. Sọ̀rọ̀ ooru pàápàá, a ó kà á.

Bàbá àti ìyá rẹ.


Houston,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹrin, 1986.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ ní nǹkan pàtó láti sọ kí n tó kọ̀wé, nǹkan pàtó náà ò sì dé. Histology, A. Physiology, B. Mo kọ B náà, ẹ rí i.

Ìwé tí ẹ fi bírò pupa wò dé lẹ́yìn tí mo ti fi tèmi ránṣẹ́. "I want" ló bá mi lọ o. Àmọ́ àwọn C wà níbẹ̀.

Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní oṣù tó kọjá. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí irun rẹ̀ ti funfun, kó ìwé mi sọ́tùn-ún sósì. Ó ní, "Ó dà bí ẹni pé ènìyàn méjì ló ni ìwé yìí. Ọ̀kan gba C, ọ̀kan gba A. Èwo ló wà níwájú mi?"

Mo ní, "Ẹnì kan náà ni, sà. Ti àkọ́kọ́ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni tí ìwé ò bá yé e. Ti ìkejì gba ọ̀kanlélọ́gọ́ta, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Nàìjíríà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni bàbá rẹ sọ?"

"Wọ́n ní kí n ya egungun àgbọ̀n láì wo ìwé."

Ó ti bébà kan sọ́dọ̀ mi. "Yà á."

Mo yà á, ihò Sẹ̀kínát náà wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó sì mú bébà náà pamọ́ sínú fáìlì.

Àná ni lẹ́tà wọn dé. Wọn ò gbà mí, wọn ò kọ̀ mí. Orúkọ mi wà lórí ìlà àwọn tó ń dúró. Bí ẹnì kan tí wọ́n ti gbà ò bá wá, wọ́n á pe ẹni tó kàn. Miss Helen ní nígbà mìíràn wọ́n máa ń pe ènìyàn, nígbà mìíràn wọn kì í pè.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, Bàbá. Ẹ kọ́ mi.

Mojọlá.


Houston,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1986.

Bàbá! Màámi!

Wọ́n gbà mí!

Daycare ni mo wà, ọmọ ọdún méjì kan ti gé mi jẹ lápá, mo ń wá bí màá ṣe la ẹnu rẹ̀, ni wọ́n bá ní ẹnì kan ń pè mí lórí fóònù ọ́fíìsì. Ohùn obìnrin kan ní àyè kan ṣí sílẹ̀, ṣé mo ṣì fẹ́ ẹ. Mo ní, "Yes, ma," ní bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó. Mo ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọmọ́bọ́lá ké títí àwọn ará ìsàlẹ̀ fi gbá àjà. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń bọ̀ lójú mi. Ẹ kú àdúrà. Ẹ kú sùúrù pẹ̀lú mi.

Mojọlá yín.


Ìwó,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, 1986.

Mojọlá, ìdùnnú mi,

Orúkọ rẹ ni ìyá rẹ fi jí gbogbo ilé ní òwúrọ̀ tí lẹ́tà rẹ dé. Èmi fúnra mi ni mo kà á. Lẹ́yìn náà mo pe gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀ lọ́jọ́sí àti àwọn ará àdúgbò mìíràn, mo dúró síwájú wọn bí ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: pé wọn ò gbà ọ́ nígbà àkọ́kọ́, pé o gba C, pé o fi pamọ́ fún mi, pé o tún padà lọ kàwé ọdún kan kí wọ́n tó fojú rere wò ọ́.

Alhaja Sìkírátù ní, "Ọlọ́pàá tó ga tó òpó iná yẹn ńkọ́?"

Bíyìí dìde. Ó ní, "Ẹ má bínú, èmi ni mo bí i." Ẹ̀rín wọn dé òpópónà. Alhaja rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú, wọ́n wá ní àwọn ò ní dárí jì í àfi tó bá rán bùbá méjì fún àwọn. Ó ti ń rán an.

Ohun tó jẹ́ kí lẹ́tà yìí gùn rèé. Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán, ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Nímọ́tà ni, ọmọ ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ wà ní ìjókòó àná náà, òun ló sì lọ sọ fún ọmọ náà. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní, "Bàbá, mo sọ fún wọn nílé pé mo ti wọ Pólì ní Ìbàdàn." Kò wọ ibì kankan. Ó fìdí rẹmi nínú WAEC. Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, àràárọ̀ ló ń gbé báàgì, tó ń wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, tó ń jókòó sí ibi ìkàwé títí di ọ̀sán, tó ń padà wálé, tí ìyá rẹ̀ sì ń bu oúnjẹ fún un pé ó kú iṣẹ́.

Mi ò bá a wí. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, pàṣán ni ǹ bá mú.

Bá mi kọ̀wé sí i. Má jẹ́ kó dùn jù. Àdírẹ́sì mi ni kí o fi ránṣẹ́ sí, èmi á fi lé e lọ́wọ́ ní dídì, mi ò ní gbé e fún Bíyìí.

Bàbá rẹ, tó ń fi ọ́ yangàn lọ́nà tó tọ́,
F. A. Ọlọ́runyọmí.


Houston,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ọ̀kítóbà, 1986.

Nímọ́tà,

O ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́, àmọ́ mo mọ bí oúnjẹ ṣe ń rí lẹ́nu ènìyàn nígbà tí wọ́n bá ń kí i pé ó kú iṣẹ́ tí kò ṣe.

Mi ò ní sọ fún ọ pé kò ní dùn wọ́n. Ó dun Bàbá mi, wọn ò kọ̀wé sí mi fún oṣù mẹ́rin. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé oṣù mẹ́rin yẹn rọrùn ju ọdún mẹ́rin tí mo fi pa á mọ́ lọ. Sọ fún ìyá rẹ. Sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá jókòó, kí o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Lẹ́yìn náà, kọ gbogbo máàkì rẹ sí mi, èyí tí o yege àti èyí tí o ò yege, Mathematics náà. Níbi tí a bá ti rí ihò, a ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Mo ní ìdánwò ní ọjọ́ Ẹtì. Ó le, kò sì dá mi lójú. Bó bá ṣe rí, màá kọ tèmi sí ọ.

Mojọlá Ọlọ́runyọmí.